Orúnkún Tí Mo Gbé Kúrò Ní Bódìjà

Ìmọ̀ràn mẹ́ta péré ni ìyá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo ń kúrò ní Bódìjà: kí n máa gbàdúrà kí n tó sùn, kí n má jẹ́ kí òtútù wọ etí mi, kí n má sì gbàgbé orúnkún mi sílé. Ohun tí màámi ń sọ ni pé níbikíbi tí mo bá ti pàdé àgbà, kí n kúnlẹ̀ kí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé opó ló tọ́ mi, n kò rí ẹni kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé orúnkún méjèèjì dání lóòótọ́, orúnkún yìí kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lókè òkun mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìlú tí mo ń gbé wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ dé ibi tí ojú lè ríran dé. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, nítorí gbogbo ènìyàn ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tán kí n tó wá. Odò ni. Odò náà dì gbagidi, àwọn ènìyàn gbé àga lọ sí àárín rẹ̀, wọ́n lu ihò sínú yìnyín, wọ́n jókòó, wọ́n ń pẹja. Mo dúró létí odò, mo ń rò ó pé bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ rìn lórí omi Ẹlẹ́yẹlé báyìí, gbogbo ìjọ Aládùúrà wa ní Agbowó ni yóò gbé aṣọ funfun wọ̀, tí wọn yóò tẹ̀lé e délé. Ẹ̀rín pa mí. Mo yíjú kí n wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún, n kò rí ẹnì kankan. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé.

Ní Dùgbẹ̀, akọ̀wé ni mo jẹ́. Mo ní tábìlì, mo ní fáànù, mo ní ìránṣẹ́ tí mo lè rán níṣẹ́ omi. Níbí, ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni mo ti ríṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni à ń ká láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, aṣọ funfun rẹpẹtẹ, gbígbóná láti inú ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ sí màámi pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ìjọ, aṣọ funfun ni mò ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Màámi ní kí n má fi nǹkan mímọ́ ṣeré.

Ohun tó le jù níbi iṣẹ́ náà ni orúkọ. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tó lè bí mi, ní kí n máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wúkọ́ bí mo bá fẹ́ pè é. Ẹni tí wọ́n wá fún mi pé kí a jọ máa ká aṣọ ń jẹ́ Dóríìn, obìnrin tó tó ẹni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta, ọmọ ẹ̀yà Kíríì, àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ènìyàn méjì ló máa ń ká aṣọ ibùsùn. Ìwọ á di igun méjì mú, ẹnì kejì á di igun méjì mú, ẹ ó na aṣọ náà, ẹ ó wá máa rìn bọ̀ wá bá ara yín títí ọwọ́ yín yóò fi kan ara. A ń pàdé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àìmọye lóòjọ́ láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan mo ní, "Àǹtí Dóríìn, ẹ jọ̀ọ́, igun yín ti yẹ̀."

Ó dúró. "Kí lo pè mí?"

"Àǹtí ni mo pè yín. Ẹ jù mí lọ. Nílé wa, n kò gbọ́dọ̀ pè yín lórúkọ lásán."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ bíi pé ó ń wò ó bóyá mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nílé tiwa náà, bẹ́ẹ̀ ni." Ní ọjọ́ kejì ó gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan wá, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín. Èmi náà fún un ní ṣinṣín tí màámi fi ránṣẹ́. Ó jẹ ẹ́, ó ní eyín òun ti dàgbà ju èyí lọ. Bí mo ṣe di ènìyàn padà nìyẹn.

Mo fi ọmọbìnrin mi, Àdùkẹ́, sílẹ̀ sọ́dọ̀ màámi pé bí ìwé mi bá ti dáa, màá wá mú un. Ọmọ ọdún méje ni. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù.

"Gúdù ífúnìn, Mọ́mì. Háwà yú?"

"Àdùkẹ́ Òkín, mo wà dáadáa. Kí lẹ jẹ lónìí?"

"Wí ẹ́ẹ̀tì ráìsì."

Èmi ń sọ Yorùbá, òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Màámi á gba fóònù, á ní, "O ò gbọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ geerege bí? Iléèwé yẹn dáa." Inú mi ń dùn. Mo ń sọ fún Dóríìn pé ọmọ mi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ òyìnbó. Dóríìn kàn ń ká aṣọ rẹ̀ ni.

Ní ọdún kejì mi, ilé ìwòsàn náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láàárín àwa òṣìṣẹ́, kí á lè mọ àṣà àwọn onílẹ̀ yìí, kí a sì mọ bí a ṣe máa bá ara wa gbé. Ọjọ́rú kan lóṣù la ń pàdé, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo sọ fún màámi pé à ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ọmọ onílẹ̀, ó pariwo. "Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ náà? Má tíì kọ́ ilé kankan níbẹ̀ o, wọn ò ní jẹ́ kóo gbádùn!" Mo ní rárá, àwọn wọ̀nyí kọ́ ló ń da ènìyàn láàmú, àwọn gan-an ni wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ wọn o."

Kí n má purọ́, búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí wọ́n ń pín ló kọ́kọ́ gbé mi lọ. Wọ́n á fi àwòrán hàn wá lára ògiri, wọ́n á sọ orúkọ àwọn ẹ̀yà, wọ́n á sọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn wà, a ó pàtẹ́wọ́, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Dóríìn máa ń jókòó sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà kò bi í.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa bẹ Dóríìn pé kó mú ìyá rẹ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Dóríìn ní ìyá òun kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba, kò sì fẹ́ràn ilé ìjọba kankan. Ó tó oṣù mẹ́fà tí Dóríìn fi ń bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí màmá gbà, Dóríìn sáré wọlé wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé o mọ ìdí tó fi gbà? Mo sọ fún un pé ọmọ Áfíríkà kan wà níbí tó ń pè mí ní Àǹtí. Ó ní òun fẹ́ rí ẹ."

Bí wọ́n bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà lọ́dọ̀ tiwọn, tábà ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú fún un, díẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ. Dóríìn ní èmi ni kí n gbé e fún ìyá òun. Nínú ìjọ tí a bí mi sí, a kì í fọwọ́ kan tábà. Mo pe màámi.

"Tábà kẹ̀? Ìwọ ọmọ aláṣọ funfun!"

"Màámi, n kò ní mu ún. Ẹni tó ni ín ni mo fẹ́ gbé e fún."

Ó ronú díẹ̀. "Ó dáa. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ sí àgbà, a kì í yẹ ẹrù wò. Gbé e fún un. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Kúnlẹ̀ dáadáa. Orúnkún méjèèjì. Má jẹ́ kí ìyá onílùú rò pé a ò kọ́ ẹ."

Bí mo ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Yàrá ìpàdé kún dẹ́nu. Màmá náà wọlé, ó kéré, ó di ọwọ́ Dóríìn mú, ó ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń ka iye ìṣísẹ̀ tí yóò fi jáde. Wọ́n fún un ní àga. Mo rìn lọ síwájú, ayọ̀ kún inú mi, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ gbì lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo tẹrí ba, mo sì na tábà náà sí i.

Kò gbà á. Mo gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti funfun. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Dóríìn létí, ó dìde, ó sì jáde. Dóríìn tẹ̀lé e. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, tábà lọ́wọ́, tí gbogbo ilé ń wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Dóríìn kò bá mi sọ̀rọ̀. Wọn kò pààrọ̀ wa, nítorí náà a ṣì jọ ń ká aṣọ. Ó ń na tirẹ̀, mò ń na tèmi, a ń rìn bọ̀ wá pàdé, ọwọ́ wa ń kan ara, ojú rẹ̀ ń wo ògiri. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, n kò mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Mo ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mo ti jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀, mo ti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ní gbogbo ìlú yẹn bí mo bá ṣàìsàn. Ọ̀gá wa fi ìwé ránṣẹ́ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣọ́ra. Ìpàdé oṣù tó tẹ̀lé e, ènìyàn mẹ́rin ló wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Dóríìn ju igun aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀ lójijì. "Ṣé o mọ ohun tí o ṣe?"

"Mo fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, Àǹtí."

Ó wá sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ nígbà tí ìjọba wá kó òun àti àwọn ọmọ abúlé wọn lọ sí iléèwé àwọn àlùfáà, níbi tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jí. Ẹni tó bá sọ èdè Kíríì níbẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà, lórí símẹ́ńtì, láti ìgbà oúnjẹ àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àbúrò màmá kò tíì gbọ́ èdè mìíràn, nítorí náà ojoojúmọ́ ló ń kúnlẹ̀. Àìsàn mú ọmọ náà níbẹ̀, kò sì padà sílé mọ́. Láti ìgbà náà, màmá kò sọ èdè yẹn fún ọmọ kankan tó bí. "Ìwọ wá lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀," ni Dóríìn wí. "Ó ní bí o ṣe tẹrí ba yẹn, bí àbúrò òun ṣe ń ṣe nìyẹn."

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ sọ pé kò sí ẹni tó fipá mú mi. Àmọ́ nǹkan mìíràn ló bọ́ sí mi lọ́kàn, ohun tí n kò rántí láti ọjọ́ yìí wá. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi ní Bódìjà. Mo wà ní kíláàsì kẹta. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Yá mi ní pẹ́ńsù ẹ," tíṣà sì gbọ́. Fànákúlà ni wọ́n ń pe èdè tí ìyá mi fi bí mi. Tíṣà ní kí n jáde síta, kí n kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Òkúta wẹ́wẹ́ wọ orúnkún mi. Nígbà tí mo délé, mo fi ojú egbò náà han màámi. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé iṣu mẹ́ta lọ fún tíṣà náà, ó dúpẹ́ pé ó ń kọ́ ọmọ òun.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dóríìn, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Nínú ilé ara yín? Àwọn ènìyàn yín gan-an?"

"Àwọn ènìyàn wa gan-an ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igun aṣọ tó jù sílẹ̀. "Ọmọ rẹ ńkọ́?" ni ó bi mí. "Èyí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ òyìnbó."

Mi ò dúró de Sátidé. Mo pe ilé ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Àdùkẹ́. Mo ní, "Ọkọ mi, kí ló dé tí o kì í bá mi sọ Yorùbá?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, bí ó bá ti mọ́ mi lẹ́nu nílé, màá gbàgbé ní sùkúrù, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀. Orúnkún mi ṣì ń ta mí."

Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́. N kò bá a wí, n kò lè bá a wí. Mo kàn sọ ìtàn ìyá Dóríìn fún un, àti ti àbúrò rẹ̀ tí kò padà wálé. Fóònù gé. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lọ́jọ́ kejì, màámi ló pè mí. "Mo ti lọ síbẹ̀," ni ó wí.

"Ibo, mà?"

"Iléèwé Àdùkẹ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ. Mo bá ìyá tó ni iléèwé àti àwọn tíṣà níbi tí wọ́n ti ń to àwọn ọmọ. Mo ní, ta ló ń kọ́ Àdùkẹ́ ní Yorùbá tó ń sọ? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Mo ní èmi ni, ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an ló dé yìí. Mo bá ká ìró mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀."

"Ha! Màámi! Níwájú àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn?"

"Orúnkún kan ti kanlẹ̀. Èkejì ò tíì dé ilẹ̀ tí gbogbo wọn fi rọ́ bò mí. Ìyá tó ni iléèwé ti wà nílẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún pé, 'Ẹ má pa mí láyé, Mà, ẹ dìde.' Mo ní ṣé ọmọ mi ò ní kúnlẹ̀ torí Yorùbá mọ́? Wọ́n ní kò ní kúnlẹ̀ mọ́ láé." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tìrẹ, iṣu ni mo gbé lọ. Ó ń dùn mí. Má bínú sí mi."

Mo ní n kò bínú. Irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí mọ́ báyìí.

Mo sọ ìtàn yìí fún Dóríìn, òun náà sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó mú mi lọ sílé wọn. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá dúró ṣánṣán kí àgbàlagbà, ara mi á kọ̀ ọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ tán. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ mi mọ́ra, mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Màmá náà ń wo eré ìdárayá orí yìnyín nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n jókòó, kí n dúró kí wọ́n gbá a tán. A jọ wò ó. Ikọ̀ tirẹ̀ fìdí rẹmi, ó sì bú wọn dáadáa.

Lẹ́yìn náà ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Sọ ti ìyá rẹ fún mi. Láti ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá oníléèwé ti wà nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà dópin. Ó ní, "Wọ́n gbé e dìde?"

"Gbogbo wọn ló sáré, mà. Nílé wa, bí ènìyàn bá kúnlẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa ní kó dìde. Ẹ ò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ó súre fún un, ẹ ó sì gbé e dìde."

Ó wo ojú fèrèsé. "Kò sí ẹni tó gbé wa dìde," ni ó wí.

Dóríìn lọ gbé tíì wá. Màmá mu tirẹ̀ tán, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní kí a sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ wa pé òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa àwòrán ara ògiri náà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Fi hàn mí bí ọmọ rẹ yóò ṣe kí ọ lọ́jọ́ tí o bá délé."

Mo wo Dóríìn. Dóríìn wo ìyá rẹ̀, ó sì mi orí sí mi. Mo dìde lórí àga, mo rọra fi orúnkún kan kanlẹ̀, mo fi èkejì kanlẹ̀, n kò sì lè gbójú sókè. Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ọwọ́ tó le ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ń fà mí sókè.

"Pasikô, nitânis," ni ó wí.

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Dóríìn. Ó ní, "Màmá, kí lẹ sọ?" Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí.

Màmá kò tíì fi ìgbọ̀nwọ́ mi sílẹ̀. Ojú mi ló ń wò tó fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn.

"Mo ní, dìde, ọmọ mi."

Mo dìde.